Àdìrẹ Tí Mo Gé Nítorí Tábìlì Kérésì

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà tí màmá mi gbà pé ó wà lọ́dọ̀ télọ̀. Kò sí lọ́dọ̀ télọ̀ kankan. Inú àpò ọ̀rá ló wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù mi, ó ti di wẹ́wẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti ṣá. Èmi ni mo gé e, èmi náà ni mo bà á jẹ́, èmi náà ni mo sì ń parọ́ nípa rẹ̀ láti Kérésì ọdún 2023.

Gbogbo wa la mọ bí ọdún yẹn ṣe rí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún, kò sí ohun tí owó rẹ̀ kò fò sókè: ìrẹsì, adìẹ, owó ọkọ̀ láti Akóbọ̀ dé Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn níbí. Bẹ́ẹ̀ àwọn àna mi ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán ọjọ́ Kérésì nílé wa fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò sì fẹ́ kí tábìlì náà wà lásán.

Ọ̀pọ̀ ohun tí mo fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kò ná mi lówó, ó sì dára débi pé màá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Agbálùmọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà lóṣù Kejìlá. Mo ra díẹ̀ ní Bódìjà, mo nù wọ́n títí ara wọn fi ń dán, mo tò wọ́n sínú igbá ńlá kan, mo ki ewé ọsàn bọ àárín wọn. Mo já imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́yìnkùlé, mo tẹ́ ẹ yí ìdí igbá náà ká. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó jẹ́ alásè yá mi ní àwo funfun. Nígbà tí a jẹun tán, àwọn ọmọ pín agbálùmọ̀ náà jẹ, kò sí ohun tó ṣòfò níbẹ̀.

Ó wá ku aṣọ tábìlì. Ní Dùgbẹ̀, èyí tó wù mí, tòun ti nápíkìn mẹ́jọ, ₦18,000 ni wọ́n pè é. Mo fọwọ́ tọ́ ọ wò: rọ́bà pọ̀ nínú rẹ̀ ju òwú lọ. Mo dá a padà. Inú ọkọ̀ ni mo wà tí àdìrẹ tí màmá mi fún mi fi sọ sí mi lọ́kàn, inú mi sì dùn pé mo ti rí ọ̀nà àbáyọ láì ná kọ́bọ̀.

Ìyá àgbà, tó bí màmá mi, ni wọ́n fọwọ́ ara wọn ya á. Ìbàdàndùn ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàndùn mọ̀ pé òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n kọ́ parí ní 1929, làwọn aládìrẹ ìlú wa yà sára aṣọ, tí wọ́n sì fi ṣíbí sáàárín òpó kan sí èkejì. Láfún ni wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ rẹ̀, wọ́n á bu álọ́ọ̀mù sí i kí ó lè di aṣọ mú. Wọ́n á wá ki ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ náà, wọ́n á máa fi fa ilà lórí aṣọ funfun, ilà tẹ̀ lé ilà, lójú kan ṣoṣo aṣọ náà. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kò ní mu níbẹ̀. Bó bá gbẹ, ó di inú ìkòkò aró tí wọ́n fi ẹlú àti omi eérú pò: wọ́n á rì í, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, títí yóò fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó ha ẹ̀kọ kúrò. Abala méjì ló ń di ìró kan, iṣẹ́ ọ̀tún sì gbọ́dọ̀ bá tòsì mu. Ti Ìyá àgbà bára mu, àfi níbì kan nísàlẹ̀ tí ìdí ṣíbí kan ti wọ́. Màmá mi ní òun lòun sáré kọ lu tábìlì lọ́jọ́ náà, òun ṣì kéré.

Ọdún tí mo ṣègbéyàwó ni màmá mi fún mi ní aṣọ náà. Tèmi ni, mo sì ń sọ èyí fún ara mi bí mo ṣe ń wá sísọ́ọ̀sì.

Aṣọ náà kò bo tábìlì wa tán. Mo lè tẹ́ ẹ sáàárín bó ṣe wà, kí n fi aṣọ funfun lásán sábẹ́ rẹ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gé ẹyọ kan gbọọrọ fún àárín tábìlì, mo gé mẹ́jọ onígun mẹ́rin fún nápíkìn, mo sì fi ẹ̀rọ ṣẹ́ etí wọn. Mo rí i pé sísọ́ọ̀sì ń gba ọrùn àwọn òpó náà kọjá. Mi ò dúró.

Àwọn àna mi yin tábìlì náà gan-an. Màmá mi dé lẹ́yìn ìsìn, wọ́n jókòó, wọ́n mú nápíkìn iwájú wọn, wọ́n yí i padà, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ láti igun dé igun. Wọn ò sọ nǹkan kan níwájú àlejò. Wọ́n ká a, wọ́n gbé e lé itan, tíṣù ni wọ́n fi nu ọwọ́ títí a fi jẹun tán.

Kíṣìnnì ni wọ́n ti bi mí pé, “Gbogbo ẹ̀ lo gé?”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

“Dìde. Kó o fún mi kí n máa mú un lọ. Mo mọ bí àwọn òpó yẹn ṣe tò, màá rán an padà.”

Ká ní mo kó o fún wọn nígbà yẹn! Ṣùgbọ́n epo ẹ̀fọ́ àti ọbẹ̀ ata ti kún gbogbo rẹ̀, ojú sì ń tì mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Wọ́n lọ tán, ọṣẹ kò mú epo kúrò lára àwọn nápíkìn, ni mo bá bu bílíìṣì tí mo fi ń fọ aṣọ funfun àwọn ọmọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹlú àti bílíìṣì kì í gbé pọ̀. Kì í wulẹ̀ ṣí i lójú lásán, ó ń pa á ni. Nígbà tí mo fi máa padà débẹ̀, omi ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ibi tí aró ti mu tẹ́lẹ̀ ti funfun bíi ibi tí ẹ̀kọ bò. Kò sí òpó mọ́, kò sí ṣíbí. Ẹyọ gbọọrọ tí mi ò tíì rì bọ omi nìkan ló yè.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pè mí, mo ní ó ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, pé kí wọ́n má da ara wọn láàmú. Láti ìgbà náà, bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á béèrè télọ̀ náà lọ́wọ́ mi.

Mo ti lọ bá obìnrin kan tó ń fọwọ́ ya ẹlẹ́kọ ní Òṣogbo. Ó na àwọn nápíkìn náà sílẹ̀, ó wò wọ́n pẹ́. Ó ní bí òun bá tún wọn rì sínú aró, gbogbo ara wọn ló máa mu ún, torí ẹ̀kọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó lè ya Ìbàdàndùn tuntun fún mi, iye tó sì pè é ju ìlọ́po mẹ́ta ₦18,000 tí mo ń sá fún lọ. Mo sanwó. Èrò mi ni pé màá gbé e fún màmá mi, màá ní iṣẹ́ télọ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo lọ gbà á, aṣọ náà dára, gbogbo ṣíbí rẹ̀ ló tọ́ ganrangan, mo sì mọ ibi tí ojú wọn máa kọ́kọ́ lọ.

Àṣìṣe mi kò sí nínú pé mo ń ṣọ́ owó ná. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ iye sí lára ni mo kà sí ọ̀fẹ́. Irú àdìrẹ ẹlẹ́kọ báyìí wà nínú British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí kò mọ ẹni tó ya á ń tọ́jú rẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, mo fi nu epo.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, mò ń lọ bá màmá mi ní Òkè-Àdó kí wọ́n tó gbọ́ èyí lẹ́nu ẹlòmíì. Màá kó gbogbo rẹ̀ dání, ẹyọ gbọọrọ náà àti àwọn mẹ́jọ tó ti ṣá. Mi ò ní mú tuntun lọ, kó má baà dà bíi pé mo fẹ́ fi dí wọn lẹ́nu. Màá sọ ti bílíìṣì, màá sì sọ ti télọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ rán ẹyọ kan tó kù mọ́ nǹkan, àwọn ló mọ ohun tí wọ́n máa rán an mọ́. Bí wọ́n bá sì bínú, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i.