Ajá Onírun Wúruwùru Kọ́ Ni Ti Igbó Agbabu

Ọmọ tó bá ti Èkó wá ṣọdún ní Agbabu, tó bá ajá ọdẹ bàbá rẹ̀ níbi tó sùn sí lẹ́bàá ààrò, ẹ̀rín ló máa ń rín. Á ní: "Bàbá, ẹ jẹ́ n ra ajá gidi wá fún yín, àwọn ńlá onírun wúruwùru tí òyìnbó fi ń ṣọdẹ." Bàbá á kàn fín aáṣáà rẹ̀ ni.

Irọ́ kọ́, ajá bẹ́ẹ̀ wà. Èyí tó ga jù nínú wọn, ilẹ̀ Áyálándì ló ti wá. Bó bá fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, ó ga ju ọkùnrin lọ. Ìkookò ni wọ́n fi ń lé. Lọ́dún 1652, ìjọba Cromwell ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó o kúrò nílùú, torí ìkookò pọ̀ jù. Àmọ́ nígbà tí wọ́n pa ìkookò tán, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ajá, ó sì kù díẹ̀ kó run. Kápítéènì George Augustus Graham ló ń ṣa ìwọ̀nba tó kù jọ láti ọdún 1862, tó fi irú ajá ńlá mìíràn gùn ún, kó tó tún pọ̀.

Ẹ wá mú irú ẹ̀ wọ igbó Olúwa! Ooru nìkan tó o. Èèmọ́ àti eégbọn á kún irun yẹn, ká má tíì sọ ọ̀dà Agbabu tó ń yọ́ nílẹ̀ bí oòrùn bá mú. Ajá tiwa kéré, irun rẹ̀ mọ́ ọn lára, ó lè gba abẹ́ ìtàkùn tí ẹran gbà, ṣaworo ọrùn rẹ̀ á sì máa sọ ibi tó wà fún ọlọ́dẹ. Ẹ̀yin ìyá tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lójú títì Òrè, ẹran tí ajá mú kì í ní ọta tí yóò ká eyín oníbàárà.

Ibi tọ́rọ̀ ti dunni rèé: wọ́n ti gé púpọ̀ nínú igbó ọba Olúwa, wọ́n fi gbin kòkó àti ọ̀pẹ. Ẹran ń jìnnà, àwọn ọmọ ò kọ́ṣẹ́ ọdẹ mọ́, ajá tí ò níṣẹ́ sì ń bá ìkòkò lókìlì lọ. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ lọmọ ajá ti ń mọ igbó. Bí wọ́n bá ta ìyá, ta ni yóò mú un wọgbó? Ẹ̀yin ọdẹ tó ṣì ní abo ajá tó mọṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á. Ẹ gún un lábẹ́rẹ́ digbólugi lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ sì fún ọdẹ mìíràn lọ́kan nínú ọmọ rẹ̀.