Kì í Ṣe Gbogbo Ohun Tó Dákẹ́ Ló Kú

Olùkọ́ tó bá fẹ́ mọ ìdí ọ̀ràn kì í dájọ́ lójú ẹsẹ̀. Ní Abigi, ọmọ àbúrò mi gbé páàdì géèmù aláìlówáyà rẹ̀ wá, DualShock 4 tí irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2013. Kò gba iná mọ́. Bàbá rẹ̀ ní kí ó sọ ọ́ nù. Owó òmíràn kò sì sí.

A fi wáyà kan náà so fóònù àtijọ́ kan mọ́ jẹnẹrétọ̀. Fóònù gba iná. Ó hàn pé wáyà kò lẹ́bi. A tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ihò páàdì: ekuru ti dí i. A pa páàdì náà, a fi igi ìtayín yọ ekuru jẹ́jẹ́, nítorí irin lè ba inú rẹ̀ jẹ́. Bí a ti tún un so, iná aláwọ̀ ọsàn ń tàn, ó ń kú. Ká ní kò tàn ni, à bá ki abẹ́rẹ́ bọ ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5. Lẹ́yìn ìyẹn, bátìrì ló kù tí à bá fura sí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á yẹ ojú, etí àti ebi rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á tó pè é ní olódo.