Ẹ̀wù Awọ Tí A Rí Ní Ìdànrè

Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ìdí nìyí tí mo fi kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí Ìdànrè.

Ìlú náà kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Bí a ti ń wọ̀lú ni òkúta ràbàtà yí wa ká, tí kòkó sì ń gbẹ lẹ́bàá títì. Àtẹ̀gùn tí a gùn lé ní 600. Kí a tó dé ìdajì, èmi olùkọ́ wọn ti ń mí helehele. Lókè ni ààfin Ọwá àtijọ́ wà, àti ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu, àfi ti àjẹ́. Ní nǹkan bí 1923 ni ará ìlú ṣí sọ̀kalẹ̀.

Ọmọkùnrin kan bi mí pé, “Ọ̀gá, bí ogun bá dé, kí ni wọ́n ń wọ̀?” Mo ní òkè yìí gan-an ni ẹ̀wù wọn. Ìdáhùn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, a yà kí bàbá ọdẹ kan. Ó gbé gbérí rẹ̀ jáde. Kíjìpá tó nípọn ni, a sì rán oǹdè mọ́ àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá ní tútù ni wọ́n ń gé awọ ewúrẹ́, wọn a fi irin lu ihò sí i, wọn a fi okùn awọ rán an yí oògùn ká. Bí ó bá gbẹ, a le bíi pákó. Láti orí ni wọ́n ń bọ́ ọ sọ́rùn, kò sì ní apá gígùn, kí ọwọ́ lè rọrùn fún ìbọn.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ló gbọ́n báyìí. Nínú àwọn àwòrán idẹ Bìní tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897, ẹ ó rí jagunjagun tó wọ awọ ẹkùn, tó so agogo mọ́ àyà. Àwọn Scythian, ẹlẹ́ṣin àríwá Òkun Dúdú láyé àtijọ́, a máa rán irin wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀wù awọ bí ìpẹ́ ẹja, kí ara lè tẹ̀. Ní Turfan ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n hú ẹ̀wù kan nínú ibojì tó ti lé ní 2,500 ọdún: awọ ni ìpẹ́ rẹ̀, 5,444 kéékèèké àti 140 ńlá. Kò wúwo ju kílò márùn-ún lọ, ènìyàn sì lè dá a wọ̀.

Mo bi Bàbá pé ta ni yóò rán òmíràn. Ó mirí. Ẹni tó rán an fún un ti kú, kò sì ní ọmọ-iṣẹ́. Oníṣòwò kan ti fi owó gọbọi lọ Bàbá. Ikán sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí ẹ̀wù náà. Ọmọ tó bi mí léèrè mú pẹ́ńsù, ó ya bí a ti rán an, ihò sí ihò. Bàbá dúró tì í títí ó fi parí, ó sì tún ibi tó ṣì yà tọ́ka sí.

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ wà nínú àpótí baba yín, kí ẹ tó gba owó, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò kọ́ bí a ti ń rán an. Owó á tán. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n rán kò sí lọ́jà.