Ọgbà Tí Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Pẹ́ Kí Ó Tó Ṣí

Ọgbà gọ́ọ̀fù Augusta National wà ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Oko igi àti òdòdó títà ni tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ihò 18 rẹ̀ fi ń jẹ́ orúkọ ewéko. Ìdíje Masters bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1934. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹrù àwọn òṣèré ni ènìyàn dúdú ń bá wọn gbé níbẹ̀. Ní 1975 ni Lee Elder, ẹni tí ó borí nínú ìdíje gọ́ọ̀fù Nàìjíríà ní 1971, di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó díje Masters. Wọ́n gba adúláwọ̀ sí ẹgbẹ́ ní 1990, wọ́n sì gba obìnrin ní 2012. Ní 2021, Elder wà lára àwọn tí a fi ọlá ṣíṣí ìdíje náà dá lọ́lá. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni ó kú. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín.