Ta Ló Ni Ọjọ́ 25?

Kí oṣù Dìsẹ́ńbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, fídíò náà á ti dé orí WhatsApp ẹbí wa: Kérésì kì í ṣe ọdún Jésù, ọdún òrìṣà oòrùn ni, àwọn ará Róòmù ló ni ín. Àbúrò mi ọkùnrin ló máa ń fi í ránṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ́dọ̀ tiẹ̀ o. Ọdún kẹta rèé tí kò ti wá sílé bá wa ṣọdún.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Lọ́dọ̀ wa, bí àríyànjiyàn bá dé lórí ìlà kóòdù kan, a kì í pariwo mọ́ra wa. Àkọsílẹ̀ la máa ń ṣí: ta ló kọ ọ́, ọjọ́ wo ló kọ ọ́, kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Mo bá ṣí ti Kérésì náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí oòrùn. Ní Èkó, ìyàtọ̀ tó wà nínú bí ọ̀sán ṣe gùn tó ní Júùnù àti ní Dìsẹ́ńbà ò tó wákàtí kan. Ní Róòmù, ọ̀sán máa ń tó wákàtí 15 nígbà ooru, á sì wálẹ̀ dé nǹkan bí 9 nígbà òtútù. Bí oòrùn bá ń kéré lọ báyẹn lójú ẹni, tó tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀, ta ni ò ní yọ̀? Kàlẹ́ńdà Róòmù àtijọ́ fi ìpadàbọ̀ yẹn sí ọjọ́ 25 oṣù Dìsẹ́ńbà. Lọ́dún 274, Ọba Aurelian ya tẹ́ńpìlì kan sí mímọ́ fún Sol Invictus, Oòrùn Tí A Ò Lè Ṣẹ́gun. Títí débí, òótọ́ wà lẹ́nu àbúrò mi.

Ibi tó ti lọ́jú pọ̀ rèé. Ìwé táwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí jù ni kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n ṣe ní Róòmù lọ́dún 354. Lábẹ́ ọjọ́ 25 yẹn, ó kọ ọjọ́ ìbí Ẹni Tí A Ò Lè Ṣẹ́gun, pẹ̀lú eré kẹ̀kẹ́ ẹṣin 30. Níbòmíì nínú ìwé kan náà, ó kọ ọ́ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí Kristi ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Àwọn onímọ̀ kan ní ìjọ ló gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ oòrùn. Àwọn mìíràn ní ìṣirò ni: àwọn Kristẹni àtijọ́ kan gbà pé ọjọ́ 25 oṣù Máàṣì ni Jésù kú, pé ọjọ́ yẹn náà ni Màríà lóyún rẹ̀. Ẹ ka oṣù mẹ́sàn-án síwájú, kẹ́ ẹ wo ibi tẹ́ ẹ máa já sí. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, kọ ìṣirò yìí sílẹ̀.

Ibòmíì wà tí gbígbà náà ti hàn gbangba. Lọ́dún 601, Póòpù Gregory kọ̀wé nípa àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbàgbọ́: kí wọ́n má wó ilé òrìṣà wọn, kí wọ́n kó ère inú rẹ̀ dà nù, kí wọ́n wọ́n omi mímọ́ sí i. Màlúù tí wọ́n ń pa fún òrìṣà, kí wọ́n máa pa á fún ìyìn Ọlọ́run, kí wọ́n sì jẹ ẹ́.

Àwa náà ńkọ́? Àdúrà, ìwàásù, wòlíì, àlùfáà: ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni gbogbo wọn ti wá kí Bíbélì Yorùbá tó lò wọ́n. Àbúrò mi ń gbàdúrà láràárọ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó dá ọ̀rọ̀ náà padà.

Mo sọ èyí fún un lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀rí ọkàn mi ni ò gbà á." Ìyẹn yé mi. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò gbà á, kó má ṣe é. Ohun tí mi ò gbà ni pé ká ní ìtàn ló dá ẹjọ́ náà. Màmá wa ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn ò gbọ́ orúkọ Aurelian rí. Kérésì tiwọn ni ọjọ́ táwọn ọmọ máa ń jókòó yí wọn ká, tí wọ́n á máa gbàdúrà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá kan àbúrò mi, wọ́n ṣì ń dárúkọ ẹ̀.

Àkọsílẹ̀ lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ìlà kan. Kò lè sọ iṣẹ́ tí ìlà náà ń ṣe lónìí. Ẹ̀yin tí irú ìjà yìí wà nílé yín, ẹ béèrè ọdún àti ìwé. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ tún béèrè ẹni tí wọ́n ń yìn nílé yín lọ́jọ́ náà.