Ilẹ̀ tí Ó ń Sinmi: Ìrìn wa láti Àkàbà Ìdẹnà dé ojú ọ̀nà Ìlárá

Ẹni tí ó bá ti Àjàṣẹ́ ń bọ̀ ní Kétu, Sákété ni yóò kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà Pọ́bẹ̀. Ní Pọ́bẹ̀ ni a ti sọ fún awakọ̀ pé kí ó dúró díẹ̀. Ibùdó ìwádìí nípa ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1922, igbó àtijọ́ kan sì wà nítòsí rẹ̀ tí àáké kò tíì pa run. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà pẹ̀lú wa sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Kò sí ẹni tí a ní láti ṣàlàyé fún nínú wọn pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀pẹ tí ènìyàn tò ní ẹsẹẹsẹ, ọ̀tọ̀ sì ni igbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ́ àwòrán ilẹ̀ tí a gbé dání sí iwájú ọkọ̀, àwọ̀ ewé kan náà ni ó bo méjèèjì, bí ẹni pé ọwọ́ kan náà ni ó gbìn wọ́n.

Nítorí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń rin ìrìn àjò náà. A ní ẹ̀bẹ̀ kan láti lọ bẹ̀.

Ní ọdún tí ó ṣáájú, àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ya àwòrán ilẹ̀ agbègbè Kétu fún àfihàn kan ní ilé ẹ̀kọ́. A kò fi ọwọ́ lásán yà á. Láti ọdún 2015 ni àwọn ará Yúróòpù ti rán sátẹ́láìtì tí à ń pè ní Sentinel-2 sí òfuurufú. Ní ọjọ́ díẹ̀ síra ni ó máa ń ya àwòrán ibi kan náà, ẹnikẹ́ni sì lè gba àwọn àwòrán náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan ẹyọ sẹ́fà kan. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà, Landsat, ti bẹ̀rẹ̀ láti 1972, ó sì di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé ní 2008. Olùkọ́ tí ó bá rántí ìgbà tí odidi kíláàsì ń na ọrùn wo àwòrán ilẹ̀ ògbó kan ṣoṣo lára ògiri yóò mọ irú ayọ̀ tí èyí fún wa. Láti inú irú àwọn àwòrán wọ̀nyí ni a ti ṣe àkójọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ WorldCover. Ó pín ilẹ̀ ayé sí onígun mẹ́rin kéékèèké, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 10, kọ̀ǹpútà sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ọ̀kan nínú ìsọ̀rí 11: igi, igi kúkúrú, koríko, oko, ilé, omi àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsọ̀rí kan wà fún yìnyín. Kò sí ọ̀kan fún oko tí ó ń sinmi.

Ohun tí ó ń pè ní oko ni ilẹ̀ tí a gbin nǹkan sí, tí a sì lè kórè rẹ̀ láàrin oṣù 12. Nítorí náà àgbàdo àti ẹ̀pà jẹ́ oko. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ àti kajú, igi ni wọ́n lójú rẹ̀, bí ẹni tí ó gbìn wọ́n tilẹ̀ ń ti ara wọn san owó ilé ìwé ọmọ. Ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ti ro fún ọdún mélòó kan, tí ó wá fi sílẹ̀ kí ó lè lágbára padà, yóò di koríko tàbí igi kúkúrú. A kò lè bá kọ̀ǹpútà jà lórí èyí. Ohun tí ó bo ilẹ̀ ni ó ń rí láti òkè. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun mọ ohun tí a ń fi ilẹ̀ náà ṣe.

Àwa ni a sọ ọ́. Nígbà tí a ń kọ ìtumọ̀ àwọn àwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, a rò pé «koríko» àti «igi kúkúrú» ti pọ̀ jù fún ojú àlejò. A pa méjèèjì pọ̀ sí àwọ̀ ìyeyè kan, a sì fi Faransé dáradára kọ ọ́ sí i pé «espaces libres»: ilẹ̀ tí ó ṣófo.

Lọ́jọ́ àfihàn náà, bàbá àgbàlagbà kan tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nínú kíláàsì wa wá láti abúlé rẹ̀. Ó dúró pẹ́ níwájú àwòrán náà. Ọmọ náà fi ìka hàn án ibi tí oko wọn wà. Nígbà tí bàbá yíjú sí wa, kò gbé ohùn sókè rárá. Ó ní: «Mùsé, ta ni ẹ ti fi ilẹ̀ yìí fún?» A dáhùn pé kí wọ́n má bínú, pé iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé lásán ni. Ó ní: «Ilẹ̀ mi kò ṣófo. Ó ń sinmi ni.» A gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ń gbé ní ìlú ńlá lè sọ pé bàbá náà ń ṣe àṣejù. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n àwọn kòmúùnù wa ń ṣètò ibi tí ilé yóò wà, ibi tí oko yóò wà, ibi tí wọn yóò ti pín ilẹ̀ sí lotissement, irú àwòrán báyìí ni wọ́n sì lè tẹ́ sórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ tẹ oko. Òfin ilẹ̀ ti Bẹ̀nẹ̀, Code foncier et domanial ti 14 oṣù kẹjọ 2013, sì béèrè pé kí ẹni tí ó ní ilẹ̀ oko máa lò ó. Bí ìwé kan bá ti pe ilẹ̀ ẹni ní òfìfo, olúwarẹ̀ ni yóò máa wá ẹ̀rí kiri.

A dé Kétu kí oòrùn tó mú. Àkàbà Ìdẹnà, ẹnu ọ̀nà ìlú tí gbogbo àlejò máa ń béèrè, ni a kọ́kọ́ lọ kí. A rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí pé ní 1886 ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ ìlú yìí, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú, àti pé lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tí ó ṣẹ́kù padà wá tún un tẹ̀ dó. Lẹ́yìn náà a tẹ̀ lé yàrà tí àwọn baba ńlá gbẹ́ láti dáàbò bo ìlú. A fi okùn wọn ibì kan tí ó ṣì ṣí sílẹ̀: kò fẹ̀ tó mítà 10. Èyí já sí pé onígun mẹ́rin kan ṣoṣo ti tóbi jù ú lọ, kò sì lè ní àyè tirẹ̀ nínú àwòrán wa. Ibi tí igbó ti hù nínú rẹ̀ di «igi», ibi tí ògiri ti sún mọ́ ọn di «ilé». Ìyá kan tí ó ń dín àkàrà béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n sọnù. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ṣíbí àkàrà tọ́ka sí abẹ́ àpótí tí ó jókòó lé. Wọ́n ti kún yàrà náà dí níbẹ̀, ó ní, kí òun tó wọ ilé ọkọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni a fi lè mọ ìdí tí àkójọ mìíràn fi wúlò, èyí tí ènìyàn fúnra rẹ̀ ń yà. OpenStreetMap bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì forúkọ sílẹ̀ lè fi ọ̀nà, kànga, ilé ìwé tàbí yàrà sí i, gbogbo ayé a sì máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní àyè fún orúkọ ní èdè kọ̀ọ̀kan. Ibi tí a bá kọ name:fr sí, ti Faransé ni. Ibi tí a bá kọ name:yo sí, tiwa ni. Savè lè máa jẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́ níbẹ̀, Porto-Novo lè máa jẹ́ Àjàṣẹ́, Pobè lè máa jẹ́ Pọ́bẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, láìsí pé ọ̀kan lé èkejì jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo sátẹ́láìtì lọ. Wọ́n gbé fóònù dání, wọ́n ń rìn, fóònù ń fa ìlà, ẹni kan ń kọ orúkọ àdúgbò gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pè é. Apá kan yàrà náà péré ni a lè rìn kí ebi tó pa wá.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a dé abúlé bàbá náà, lójú ọ̀nà Ìlárá. A kò ní dárúkọ abúlé náà. Ìdí rẹ̀ yóò hàn níwájú. Obì àti ìgò sódàbì kan ni a gbé lọ. A dọ̀bálẹ̀, gbogbo wa, àti mùsé àti ọmọ ilé ìwé, àwọn ọmọbìnrin sì kúnlẹ̀. Bàbá gba obì, ó súre, ó wá wọ bàtà rẹ̀. Ó ní: «Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibi tí ó ṣófo.»

Pèrègún ni ó fi pààlà. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, àlejò kan tí ó yá ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti gbin ẹ̀pà. Àwọn igi irú tí ó dúró káàkiri jẹ́ ti àwọn ìyàwó ilé láti ṣà, àwọn nìkan ni wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí igi ìdáná tí ó bá wó. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan là á kọjá tí àwọn Fúlàní ń da màlúù gbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú àdéhùn. Lẹ́bàá igi ọsẹ̀ ńlá kan ni ahoro ilé bàbá bàbá rẹ̀ wà, àti ibojì méjì. Ìyókù ń sinmi, ó sì sọ ọdún tí ó kù kí ó tó fi ọkọ́ kàn án. Ìwé àwọn ọmọ kún. Àwọ̀ ìyeyè kan ni a ti fi bo gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba kan wà tí ó jọ ìrìn yìí, èyí tí à ń pè ní plan foncier rural. Òfin ọdún 2007 lórí ilẹ̀ oko fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ti 2013 sì tẹ́wọ́ gbà á. Àwọn òṣìṣẹ́ a bá onílẹ̀ àti àwọn tí ó bá a pààlà rìn yí oko ká, wọn a fi GPS wọn igun rẹ̀, wọn a kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ti ẹni tí ó ń yá a lò. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé àwòrán náà síta ní abúlé kí ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn lè sọ̀rọ̀. Ó ń gba àkókò, ó sì ń náni lówó. Lójú tiwa, ó sàn ju àwòrán ọ̀fẹ́ tí ó rẹwà lọ, nítorí pé ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ó bá dé abúlé yín, ẹ bá àwọn bàbá yín rìn, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ orúkọ àwọn ìyá náà sílẹ̀.

Ní ìpẹ̀kun oko ni igbó kan wà, ó ṣókùnkùn. Bàbá dúró. Ó ní kí àwọn ọmọbìnrin padà sí ìdí igi ọsẹ̀, ó sì ní kí àwa tí ó kù pa fóònù wa. A kò béèrè ìdí. Ọmọ Kétu ni wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà bá àwọn ọmọbìnrin náà, ọ̀kan nínú wọn, tí ó máa ń gba ipò kìíní nínú jọ́gíráfì, bi bàbá pé: «Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, bí igbó yẹn kò bá sí nínú àwòrán kankan, báwo ni ẹni tí ó ń ri òpó lotissement yóò ṣe mọ̀ pé kí òun má wọ ibẹ̀?» Bàbá wò ó pẹ́. Ó ní: «Ohun tí gbogbo ayé bá mọ ọ̀nà rẹ̀, gbogbo ayé ni yóò wá jí i.»

Òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ìwádìí kan ní 1998 ka igbó àìwọ̀ 2,940 ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, gbogbo wọn pọ̀ jẹ́ hẹ́kítà 18,360; bí a bá pín in, díẹ̀ lé ní hẹ́kítà mẹ́fà ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ kan tí àwọn mínísítà jọ fi ọwọ́ sí ní 16 oṣù kọkànlá 2012 sì fún irú igbó bẹ́ẹ̀ ní ipò lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fẹ́ ààbò náà ní láti fi ààlà igbó rẹ̀ hàn. Lójú WorldCover ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, igi láàrin igi, láìní orúkọ. Ohun tí a fi ẹnu kò sí ni pé a kò ní fi í sí OpenStreetMap, nítorí pé ohun tí a bá kọ síbẹ̀ kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹni tí ó ti dà á kọ. Bàbá yóò bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ nípa ìwé tí ó lè wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ilẹ̀ abúlé nìkan. Ọmọbìnrin náà kò gbà pé èyí tó. A kò dá a lẹ́bi.

Kí a tó lọ, a tẹ́ àwòrán tuntun síwájú bàbá, èyí tí a ti kọ «jachère, oko tí ó ń sinmi» sí lára. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá béèrè ibi tí oko àbúrò rẹ̀ wà. Ìwé wa funfun níbẹ̀. Ní 10 oṣù kẹjọ 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ sí ìwé ní Paris pé ààlà wọn yóò ti odò Àjárá lọ tààrà sí àríwá. Kétu bọ́ sí ọwọ́ kan, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ kejì, àwòrán tí a ti ọ̀dọ̀ ìjọba wa gbà sì parí síbi ìlà náà. Sátẹ́láìtì kò mọ ìlà. Àbúrò bàbá náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Alùpùpù ni ó fi ń wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà.

Bàbá ká ìwé náà, ó fi sínú àpò agbádá rẹ̀. Ó ní bí a bá ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a fi ìyókù ìwé náà dání, òun yóò ránṣẹ́ sí àbúrò òun kí ó wá bá wa rìn.