Ẹni Tó Bá Fọ Idẹ, Kó Fọ Ọwọ́

Gbogbo àwa tí à ń kọ́ Yorùbá la mọ̀ pé wọ́n máa ń ki Ọ̀ṣun pé ó ń fọ idẹ rẹ̀ kí ó tó wẹ ọmọ. A ti kọ ọ́ sínú ìdánwò láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n Òkè-Ọyì la ti rí ẹni tó ń fọ idẹ ní tòótọ́, idẹ ọ̀hún kì í sì í ṣe ti Ọ̀ṣun. Ti ìbọn ni.

Òkè-Ọyì ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin, ó wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Jẹ́bà. Ìjálá la bá lọ sọ́dọ̀ bàbá ọdẹ kan níbẹ̀, kí a lè gbà á sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá wa. Ẹ̀yìn ilé la bá Bàbá, wọ́n gbé abọ́ ike kan síwájú, òfìfo kátíríìjì ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa parí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ná. A bá jókòó tì wọ́n.

Idẹ ni àwọn kátíríìjì náà látòkè délẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lóde òní, ìdí rẹ̀ nìkan ni idẹ, ike ni ìyókù. Bàbá ní nígbà èwe àwọn, ọdẹ kì í sọ òfìfo nù, ńṣe ni wọ́n máa ń fọ̀ ọ́ tí wọ́n á sì tún un kì. Òfin ìbọn ọdún 1959 kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti máa ṣe ọta láìgba àṣẹ, nítorí náà Bàbá kò kì í mọ́. Wọn kò kàn fẹ́ kí ó bàjẹ́ lójú wọn ni.

A rò pé torí kó lè máa dán ni wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Bàbá ní rárá. Tí ìbọn bá dún, idẹ máa ń fẹ̀ mọ́ ara inú ìbọn, kí iná má bàa padà sẹ́yìn sójú ẹni tó yìn ín. Idẹ tó ti sán kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́, èéfín ẹ̀tù sì máa ń bo ojú ibi tó sán. Tí a bá fọ̀ ọ́, a ó rí i.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni Bàbá fún sínú omi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó àwọn òfìfo náà jáde, wọ́n fi eérú àti àkísà nù wọ́n, wọ́n fi omi ṣàn wọ́n, wọ́n sì sá wọn sóòrùn. Bí ìdá 70 nínú 100 idẹ kátíríìjì ló jẹ́ bàbà, síǹkì ni ìyókù. Tí omi kíkan bá pẹ́ lára rẹ̀, yóò fa síǹkì jáde, idẹ á pọ́n, á sì di ẹlẹgẹ́. Bàbá kì í sì í tọ́jú rẹ̀ sítòsí ibi tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Íńdíà, ọta tí wọ́n kó sílé ẹṣin lásìkò òjò ń sán fúnra rẹ̀. Ọdún 1921 ni àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé amóníà inú ìtọ̀ ẹṣin ló fà á.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ọmọ-ọmọ Bàbá sáré wá, tó na ọwọ́ sí abọ́. Bàbá kígbe mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ìdọ̀tí ìbọn kì í ṣe ìdọ̀tí oko." Ìgbà tí gbogbo wa ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ni Bàbá tó gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìjálá.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Bàbá sọ. Nínú ọ̀pọ̀ kátíríìjì, òjé wà nínú ohun tí ń gbaná ní ìdí rẹ̀ nígbà tí ìbọn bá lù ú, ìyókù rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ inú òfìfo. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tí wọ́n kó ṣùkù àgbàdo lílọ̀ sí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń fọ̀ ọ́, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa eruku rẹ̀ símú. Àwa ará Nàìjíríà kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ohun tí òjé lè ṣe. Ní ọdún 2010, ó pa ọmọ tó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta inú ilẹ̀ nínú ilé láti fi wá góòlù.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣọdẹ tàbí tó wà nínú ẹgbẹ́ fijilanté. Òfìfo kátíríìjì máa ń wà nílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọdé a sì máa ṣà á, a máa fọn ọ́n bíi fèrè. Tí ẹ bá délé, ẹ gbà á lẹ́nu wọn. Abọ́ tí wọ́n bá fi fọ idẹ, kó má padà sí ilé ìdáná. Lóòótọ́ Ọ̀ṣun ń fọ idẹ kó tó wẹ ọmọ, ṣùgbọ́n ní ti idẹ ìbọn, ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀ kí ẹ tó kan ọmọ.